Ìwádìí yín ti parí: bí ẹ ṣe lè gbé e dé jọ́nà, kí ẹ sì gbé e dé ọjà

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ másítáàsì àti Ph.D. tí wọ́n ń kàn sí mi láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Èkó: Akọka, LASU, Yabatech àti Ìdí-Àràbà: "Mo ti ṣe ìwádìí mi tán, èsì rẹ̀ sì dára. Báwo ni mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ jáde? Ṣé owó lè ti ibẹ̀ wá?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí WhatsApp títí ó fi sú mi, ìdí nìyí tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Méjèèjì ló ṣeé ṣe, àmọ́ ó ní èyí tó ń ṣáájú èkejì. Ẹni tó bá tètè la ẹnu ní gbangba lè pàdánù ẹ̀tọ́ tó ní lórí ohun tó ṣe. Ẹni tó bá sì gbé gbogbo rẹ̀ pamọ́ kò ní ní ẹ̀rí tí yóò fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó.

Kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò lókè, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ ṣe ààrò tuntun fún ẹja yíyan, èyí tí ibi ìdáná rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí ibi tí ẹja wà. Ọ̀rá ẹja tó ń kán sínú iná àti èéfín tó ń rọ́ lu ẹja ló ń mú èròjà bíi benzo(a)pyrene wọ inú oúnjẹ. IARC, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti pín benzo(a)pyrene sí ẹgbẹ́ 1, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Àwọn tó ń yan ẹja ní Makoko nílò irú ìwádìí yìí, jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ìwádìí jáde, náà sì máa fẹ́ rí i.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ wò ó bóyá àwọn nǹkan yìí wà nílẹ̀:

- Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ étíìsì, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi, bí ìwádìí yín bá kan ènìyàn tàbí ẹranko. LUTH (ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà) ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, NIMR (ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀) ní Yábàá ní tirẹ̀.
- Gbogbo dátà yín níbi méjì ó kéré tán. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí ẹ ń gbé wọ dánfó kò tó.
- Ìwé láàbù tí ẹ kọ déètì sí lójoojúmọ́.
- Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí: ta ló ni iṣẹ́ náà?

Lórí étíìsì, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán. Bí ẹ bá ti lọ bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè tàbí gba ẹ̀jẹ̀ wọn láìgba àṣẹ, kò sí lẹ́tà tó lè tún un ṣe, jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní gba pépà náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwádìí tí ẹ kọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni iṣẹ́ gba sùúrù díẹ̀. Òfin páténtì Nàìjíríà (páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má lè ṣe é láìgba àṣẹ rẹ̀) sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣàwárí lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ti agbanisíṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè ìwé ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì àti pólì ló ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní IPTTO, tí NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀-ẹ̀rọ, bá wọn dá sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó lọ bá lọ́yà, torí ọ̀fẹ́ ni ti wọn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé páténtì ló kàn ni, àbí pépà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí náà màá dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Kí wọ́n tó lè fún yín ní páténtì, ohun tí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò ní kàn rò kàn láìwádìí, ilé-iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ lè lò ó. "Tuntun" yìí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lójú òfin, ohunkóhun tó bá ti hàn sí gbogbo ènìyàn kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, níbikíbi láyé, yálà nínú ìwé, lẹ́nu tàbí nípa lílò, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹnu ẹ̀yin fúnra yín wà nínú rẹ̀.

Àwọn ohun tó lè ba páténtì jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fura:

- pépà tàbí àṣamọ̀ ìpàdé (abstract, àkópọ̀ kúkúrú iṣẹ́ yín) tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì
- sẹ́mínà tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn na fóònù sókè tí wọ́n ń ya àwòrán ààrò náà lójú ògiri
- tísíìsì tó ti wà ní láíbùrẹ́rì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á
- fídíò kékeré tí ẹ gbé sórí Facebook torí inú yín dùn
- ààrò kan ṣoṣo tí ẹ tà fún oníbàárà

Òfin fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹ bá fi ohun náà hàn níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí, tí kò sì tíì ju oṣù 6 lọ kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Sẹ́mínà ẹ̀ka yín kò sí lára irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún yín pé ọdún kan gbáko lẹ ní. Òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kà.

Bí ìwádìí yín bá jẹ́ pé ẹ kàn wọn iye benzo(a)pyrene tó wà nínú ẹja ọjà Aṣejèrè ní Makoko, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Kò sí páténtì fún un, ẹ fò lọ sí Ìgbésẹ̀ 2. Irúgbìn tuntun àti irú ẹran tuntun náà kò sí nínú ohun tí òfin yìí ń fún ní páténtì. Ààrò ni a lè sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ:

1. Ẹ wá a lórí Espacenet, PATENTSCOPE àti Google Patents, àwọn ojú òpó tí wọ́n kó páténtì ayé jọ sí. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ wo Nàìjíríà níbí náà: NIOMR, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Victoria Island, ti ṣe ààrò ẹja tipẹ́. Bí tiyín kò bá yàtọ̀ sí tiwọn, ó sàn kí ẹ tètè mọ̀.
2. Ẹ kọ ohun tó yàtọ̀ nínú tiyín sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tó yàtọ̀ nìkan lẹ ń béèrè ẹ̀tọ́ lé lórí.
3. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ páténtì bá yín kọ ọ́ tán. Owó tí ẹ bá ṣọ́ níbí máa ń padà bí ìjà.
4. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní ilé ìforúkọsílẹ̀ páténtì ní Àbújá. Ó ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìdí láti wọ bọ́ọ̀sì ní Jíbówú.
5. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀ lẹ lè sọ̀rọ̀. Ẹ kò ní láti dúró de ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ ààbò ní orílẹ̀-èdè mìíràn, oṣù 12 lẹ ní láti gbé e lọ síwájú, Nàìjíríà sì wà nínú PCT, àdéhùn àgbáyé lórí fífi ìwé páténtì sílẹ̀, láti 2005.

Páténtì máa ń lo ọdún 20, bí ẹ bá ń san owó ọdọọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́ tuntun lóòótọ́. Òfin fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó gbà á ló forí la ewu rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ gbé kọ́ ògiri kò sọ pé ilé ẹjọ́ máa gbè yín.

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò nílò páténtì. Ààrò tí wẹ́dà Bàrígà kan lè wò lẹ́ẹ̀kan kó sì rọ ọ́ títí ọ̀la, ta lẹ máa pè lẹ́jọ́? Nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọjà tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti iṣẹ́ tó dáńtọ́ lè dáàbò bò yín ju páténtì lọ. Egbòogi tuntun, ohun èlò àyẹ̀wò àìsàn, ọ̀nà tuntun tí ilé-iṣẹ́ ńlá lè lò: àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ dákẹ́ lé lórí. Bí tísíìsì yín bá wà nínú irú èyí, ẹ tètè bèèrè kí ilé-ẹ̀kọ́ má ì tíì gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ pépà, ẹ má gé tísíìsì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n gé orí kẹrin nínú tísíìsì kúrú, kí wọ́n sì pè é ní pépà. Olóòtú máa ń mọ̀ ọ́n láti ojú ewé àkọ́kọ́. Pépà kan, ìbéèrè kan. Ti ààrò wa ni: ṣé benzo(a)pyrene inú ẹja tí a yan nínú ààrò tuntun kéré sí ti ẹja tí a yan lórí àgbá tí wọ́n gé?

Ẹ kọ ọ́ bó ṣe tò yìí, kì í ṣe bí òǹkàwé ṣe máa kà á:

1. Tábìlì àti àwòrán. Bí ohun tí ẹ rí kò bá hàn nínú tábìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò lè gbà á là.
2. Bí ẹ ṣe ṣe é. Irú ẹja wo, ìwọ̀n rẹ̀, igi wo, wákàtí mélòó, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ tún un ṣe, ẹ̀rọ wo lẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó wà ní Warri gbọ́dọ̀ lè kà á kó sì tún un ṣe láìpè yín.
3. Èsì. Ohun tí ẹ rí nìkan, ìwàásù kò sí níbẹ̀.
4. Ìjíròrò. Níbí lẹ ti máa fi tiyín wé ti àwọn ẹlòmíràn. Láti 2014, European Union fi òdiwọ̀n máíkírógíráàmù 2 nínú kílógíráàmù kan lélẹ̀ fún benzo(a)pyrene nínú ẹja yíyan. Bí tiyín bá wà lábẹ́ ìyẹn, ẹ ti rí ìlà tó lágbára jù nínú pépà yín. Bí kò bá sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Aṣàyẹ̀wò, ìyẹn onímọ̀ tí jọ́nà fún ní pépà yín kó yẹ̀ ẹ́ wò, máa rí i bẹ́ ẹ bá fi pamọ́.
5. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú, lẹ́yìn náà àṣamọ̀, lẹ́yìn náà àkọlé.

Ẹ fi Zotero tọ́jú ìwé ìtọ́kasí yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, òun náà ọ̀fẹ́ ni, torí iye Adébáyọ̀ A. tó ń kọ pépà ní Nàìjíríà kò ṣeé kà.

Orúkọ ta ló máa wà níbẹ̀? Ìlànà ICMJE (ìgbìmọ̀ àgbáyé ti àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn), tí àwọn jọ́nà ìṣègùn ń lò, béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ òǹkọ̀wé: kó lọ́wọ́ nínú èrò, iṣẹ́ tàbí ìtúpalẹ̀ dátà, kó bá wọn kọ ọ́ tàbí tún un ṣe, kó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, kó sì gbà láti dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó kàn fún yín ní kọ́kọ́rọ́ láàbù, abala ìdúpẹ́ ni àyè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn láti sọ lójú Prof. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán. Ẹ fi irú èyí ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ pépà yìí, mo ní kí n fi bí orúkọ wa ṣe lè tò hàn yín àti ohun tí oníkálukú máa ṣe, kí ẹ lè bá mi tún un wò." Bí wọ́n bá ti dáhùn lórí WhatsApp, àkọsílẹ̀ ti wà nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan jọ́nà, ẹ sá fún gbájú-ẹ̀

Ẹni tó ń wá ìgbéga kíákíá ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń dọdẹ. Àmì wọn:

- Ímeèlì tó pè yín ní "ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀ jù lọ" nígbà tí ẹ ṣì wà ní másítáàsì.
- Wọ́n ṣèlérí pé wọ́n máa gba pépà yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àyẹ̀wò tòótọ́ máa ń gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù.
- Wọ́n ní kí ẹ sanwó sínú àkáǹtì ẹnì kan.
- Wọ́n ń fi "impact factor" (òdiwọ̀n bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́ka sí pépà inú jọ́nà tó) tí ilé-iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni kò mọ̀ fún wọn yangàn. Clarivate ló ń gbé ojúlówó jáde.
- Jọ́nà kan ṣoṣo tó ń gba pépà lórí ẹja, òfin, ìtọ́jú eyín àti ìtàn lójú ewé kan náà.

ISSN kò fi hàn pé jọ́nà dára; nọ́ńbà ìdánimọ̀ lásán ni. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń jí orúkọ àti ISSN jọ́nà gidi, tí wọ́n á kọ́ ojú òpó tó jọ ọ́ bí ìbejì. Torí náà, ẹ má tẹ líǹkì inú ímeèlì. Ẹ wá jọ́nà náà fúnra yín nínú àwọn àkójọ jọ́nà àti pépà bíi DOAJ, Scopus tàbí PubMed, kí ẹ sì gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀: Think. Check. Submit. ní àtòjọ ìbéèrè tí ẹ lè fi yẹ jọ́nà wò. AJOL kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ, ó sì ń fún wọn ní ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà JPPS tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí jọ́nà ṣe ń ṣe dáadáa tó. DOAJ gbà yín láyè láti ṣa àwọn tí kì í gbowó jáde. Kí ẹ tó fọkàn sí èyíkéyìí, ẹ wo ojú ewé "Aims and Scope" rẹ̀, kí ẹ sì ka pépà méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún yìí. Ẹ tún bèèrè ní ẹ̀ka yín bóyá wọ́n máa kà á fún ìgbéga.

Owó ìtẹ̀jáde máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ńlá ń dín in kù tàbí mú un kúrò fún òǹkọ̀wé láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Nígbà tí ẹ bá ń fi pépà sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n gbà á tán, ọ̀pọ̀ wọn kò ní dáhùn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ránṣẹ́, ẹ sì fara balẹ̀ dáhùn

Jọ́nà kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí méjì papọ̀, tí wọ́n sì mọ̀, méjèèjì lẹ máa pàdánù.

Bí èsì àwọn aṣàyẹ̀wò bá dé, ẹ má dáhùn lọ́jọ́ náà, inú á ṣì máa bí yín. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kọ, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ sì dáhùn lábẹ́ rẹ̀. Báyìí:

*Aṣàyẹ̀wò 2, kókó 3: Ẹja tí ẹ lò kéré jù.*
*Ìdáhùn: A dúpẹ́. A ti ṣàlàyé ìdí tí a fi lo iye yìí ní ojú ewé 7, ìlà 12, a sì ti fi kún ibi tí iṣẹ́ wa kù sí ní ojú ewé 14.*

Bí ẹ kò bá gbà pẹ̀lú aṣàyẹ̀wò, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Ohun tí olóòtú kò fẹ́ ni kí ẹ fo kókó kan bíi pé ẹ kò rí i. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹ mú ìmọ̀ràn tó wúlò níbẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kò tíì dá pépà rẹ̀ padà rí.

Ẹ lè kọ́kọ́ gbé ẹ̀dà tí wọn kò tíì yẹ̀ wò sórí ojú òpó ẹ̀dà ìṣáájú (preprint), bí jọ́nà yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Dátà náà lè lọ sí Zenodo, ojú òpó tí wọ́n ń tọ́jú dátà sí, níbi tó ti máa gba DOI tirẹ̀ (nọ́ńbà tí kì í yí padà tí wọ́n fi ń tọ́ka sí i) lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkìlọ̀ Ìgbésẹ̀ 1 ṣì dúró o: lójú òfin páténtì, èyí náà ti di gbangba.

## Ìgbésẹ̀ 5: Láti orí bébà dé Makoko

Pépà yín lè sọ pé ẹja náà mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ni oníbàárà ní Aṣejèrè máa wò. Ẹ gbé ẹja tí ẹ yan lọ bá ìyá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ẹja yìí." Á gbé e wò síwá sẹ́yìn, á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á ṣẹ́ ìrù rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń ró. Irú èsì tí ẹ máa gbọ́ nìyí: "Ó funfun jù, ọmọ mi. Wọ́n á ní kò jinná." Èéfín tí ẹ lé jáde ló ń kun ẹja ní àwọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó wá di pé kí ẹ wá bí ẹja á ṣe gba àwọ̀ láìgba májèlé, ìwádìí kejì ti bí ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ti lọ bá a kí ẹ tó jó irin pọ̀, ẹ ò bá ti mọ̀.

1. Ẹ gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ àdúgbò àti ìyálọ́jà wọlé, kí ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ Ègùn dání. Ẹ má gbé kámẹ́rà jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
2. Ẹ béèrè ohun tí láàbù kò lè sọ: apẹ̀rẹ̀ mélòó ni wọ́n ń yan lẹ́ẹ̀kan? Igi èélòó ló ń jó? Ṣé ilé orí omi lè gbé ìwúwo ààrò náà?
3. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn lò láìsan kọ́bọ̀, kí ẹ sì padà wá wọn igi àti wákàtí. Bí ọ̀rọ̀ páténtì bá wà nílẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí.
4. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú irin tó wà lọ́jà. Ohun èlò òkèèrè kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di ohun tẹ́nikẹ́ni kò lè rà.
5. Ẹ mọ ìjọba tó kàn yín. Ẹja tí wọ́n dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ nílò nọ́ńbà NAFDAC. Bó bá jẹ́ oògùn ni, kí ẹ tó dán an wò lára ènìyàn lẹ ti máa bá NAFDAC sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ étíìsì.
6. Ẹ yan ẹni tó máa ṣe é: ilé-iṣẹ́ tiyín tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), tàbí ẹlòmíràn tí ẹ fún ní láísẹ́ǹsì.

Bí ẹ bá ń fún ènìyàn ní láísẹ́ǹsì, ẹ rí i pé èyí wà nínú ìwé àdéhùn: iye tó máa san lórí ààrò kọ̀ọ̀kan, ọdún mélòó, ìpínlẹ̀ wo, àti pé bí kò bá ṣe é jáde láàárín àkókò tí ẹ dá, ẹ̀tọ́ á padà sọ́wọ́ yín. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì ń sin iṣẹ́ láàyè.

Fún ìrànlọ́wọ́, FIIRO, ilé ìwádìí ilé-iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì, mọ bí wọ́n ṣe ń sọ oúnjẹ láàbù di ọjà. Àwọn ló ṣe soy-ogi, ògì tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà sí. NIOMR mọ ẹja. LASRIC, ìgbìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ń fún àwọn olùwádìí lówó. CcHUB, ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Yábàá, dára fún ohun tó bá kan kọ̀ǹpútà àti fóònù.

## Bí owó tàbí àkókò kò bá sí

Ẹ lè gbé dátà nìkan sórí Zenodo, kí ẹlòmíràn lò ó kó sì dárúkọ yín. AuthorAID máa ń so olùwádìí tuntun pọ̀ mọ́ ẹni tó ti nírìírí láìgba owó. Bí ààrò yín kò bá dín èròjà náà kù, ẹ tẹ ìyẹn náà jáde, kí ẹlòmíràn má baà tún na owó rẹ̀ sí i.

Ìwé ojú ewé kan ní Yorùbá kò ná yín ní nǹkan kan: ohun tí ẹ rí, ohun tí ènìyàn lè ṣe lónìí pẹ̀lú ààrò tó ti ní, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Lórí ọ̀rọ̀ ẹja, ẹ lè sọ fún wọn pé kí wọ́n fi páànù tín-ínrín sáàárín iná àti ẹja kí ọ̀rá má kán sínú iná mọ́. Ẹ ka ìwé náà sínú fóònù ní Yorùbá, kí ẹnì kan kà á ní Ègùn, kí ẹ sì fi ohùn méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn alẹ́ja lórí WhatsApp.